Ọjà tí Ó Wà Lẹ́yìn Aṣọ: Àgbéyẹ̀wò Ojú Irin Àwòṣe àti Ilé Ìyọ́rin, pẹ̀lú Ọjà Ńlá Bouaké gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọnà kan wà tí àwa onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ kì í sábà kà sí iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n tí òwe yìí bá mu rẹ́gí. Iṣẹ́ náà ni kíkọ́ ojú irin àwòṣe. Ènìyàn yóò fi pákó, páálí, wáyà àti iná mànàmáná kọ́ ìlú kékeré sórí tábìlì, yóò la ojú irin gba àárín rẹ̀ kọjá, ọkọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ yóò sì máa rìn lórí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ àgbàlagbà ni èyí. Ẹlòmíràn a sì máa fi ogún ọdún kọ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni 1 sí 87, ìyẹn ni pé ohun tí ó gùn ní mítà 87 lójú ayé yóò di mítà 1 lórí tábìlì.

Ẹ̀yà kan lára iṣẹ́ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, èyí ni ojú irin àwòṣe ńlá tí ilé ìyọ́rin jẹ́ ọkàn rẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé, kí ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi hàn, kí ni ó sì ń fi pamọ́? Kí a lè dáhùn, a óò mú ibì kan tí a kò mọ̀ mọ́ ilé ìyọ́rin ṣe òṣùwọ̀n. Ibẹ̀ ni Ọjà Ńlá ìlú Bouaké ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ìlú tí ojú irin láti Abidjan dé ní 1912. Èrò wa ni pé ojú irin àwòṣe onílé-ìyọ́rin mọ ìtàn irin sọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń fi ọjà pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá eré, nítorí a óò rí i pé ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ sí wa lórí ilẹ̀ gidi.

Ìtàn tí ilé ìyọ́rin ń sọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn akọ́lé-àwòṣe fi fẹ́ràn ilé ìyọ́rin ní láti kọ́kọ́ mọ bí òkúta ṣe ń di irin. Òkúta irin, òkúta ẹfun àti èédú tí a ti sun nínú ààrò títí èéfín rẹ̀ fi tán ni a ń dà sínú ìléru gíga láti òkè. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i, gẹ́gẹ́ bí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń fi ẹwìrì finá. Irin a yọ́, a ṣàn wá sísàlẹ̀; ìdàrọ́ a sì léfòó sórí rẹ̀. Ọkọ̀ kan tí ó rí gbọọrọ bí ìgò ni ó ń gbé irin yíyọ́ lọ sí ibi tí a óò ti dín èròjà èédú inú rẹ̀ kù kí ó lè di irin líle. Ọkọ̀ mìíràn tí a gbé ìkòkò lé ni ó ń gbé ìdàrọ́ lọ dànù. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ mìíràn yóò fa irin náà gùn, tí yóò sì di ọ̀pá, wáyà tàbí ojú irin tuntun.

Kò sí ìpele kan nínú gbogbo èyí tí kò ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ wà. Ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé a máa yípo lójú kan náà láìní ìdí, bí ìtàn tí ẹ̀dá inú rẹ̀ ń rìn kiri ṣáá. Ṣùgbọ́n nínú ojú irin àwòṣe onílé-ìyọ́rin, bí ọkọ̀ èédú kò bá dé, ìléru yóò dúró. Bí ọkọ̀ ìdàrọ́ kò bá lọ, ibi tí a ó da irin sí kò ní sí. Ohun kan ń fa òmíràn. Bí a bá lo èdè lámèyítọ́, a ó sọ pé àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ dán mọ́rán, kò sì sí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí a lè yọ kúrò tí ìyókù kò ní mì.

Yíyàn sì pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìléru tí ó ga ní mítà 60 yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 69 lórí tábìlì, èyí ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó gùn ní kìlómítà 3 yóò gba ohun tí ó ju mítà 34 lọ, iyàrá ta ni ó tó bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, akọ́lé-àwòṣe ní láti gé, kí ó sì dín kù. Yóò fi ìléru kan dúró fún mẹ́rin, yóò ya ògiri kan láti dúró fún odidi ilé. Níbi yíyàn yìí gan-an ni iṣẹ́ lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí olùṣọnà yọ sílẹ̀ máa ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ tó ohun tí ó fi síbẹ̀.

Àkó fún irin tí ó ti kú

Ẹ jẹ́ kí a wo àsìkò tí iṣẹ́ yìí gbilẹ̀. Ní ẹ̀wádún 1990 ni Walthers, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ègé ilé ìyọ́rin tí ènìyàn lè tò pọ̀ nílé ara rẹ̀: ìléru gíga, ilé ìfarin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àkókò náà, ilé ìyọ́rin gidi ti ń kógbá sílé. Wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ Homestead nítòsí Pittsburgh pa ní 1986. Ní 1995, iṣẹ́ irin dáwọ́ dúró ní Bethlehem, ìlú tí ilé-iṣẹ́ Bethlehem Steel ti gba orúkọ. Bí iná àwọn ìléru ńlá ti ń kú ni iná kéékèèké ń tàn nínú àjà ilé àwọn olùṣọnà.

Ní ìlú Ọ̀wọ̀, àwọn baba wa ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní àkó. Wọn a gbẹ́ ère tí ó tó ènìyàn gidi ní ìwọ̀n, tí ó sì jọ ẹni tí ó kú gan-an. Wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ, wọn a gbé e káàkiri ìlú kí wọ́n tó sin ín ní ìsìnkú kejì. Rowland Abíọ́dún ti ṣe àlàyé lórí àṣà yìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti 1976. Lójú tiwa, àkó ni ojú irin àwòṣe onílé-ìyọ́rin ní Amẹ́ríkà. Ó ń mú òkú padà wá fún ìgbà díẹ̀ kí a lè bọ̀wọ̀ fún un. Ìdí nìyí tí ìpẹtà fi ṣe pàtàkì nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ṣe àfarawé èéfín àti ọjọ́ orí lára ògiri. A kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín. Ìrántí ni, ìrántí sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ọnà.

Ṣùgbọ́n àkó máa ń ní ojú àti orúkọ ẹni tí ó kú. Ta ni ó kú ní Homestead? Nínú ìwọ̀n 1 sí 87, ẹni tí ó ga ní mítà 1.74 di sẹ̀ǹtímítà 2, wọ́n á sì fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru. Ọkọ̀ ń rìn, iná ń ṣẹ́jú, òṣìṣẹ́ kò mira. Ìléru ti di olú ẹ̀dá ìtàn, òṣìṣẹ́ sì di ara ibùdó ìtàn.

Kì í ṣe àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni èyí kàn. Bodys Isek Kingelez (1948–2015), ọmọ ilẹ̀ Kóńgò, fi páálí àti ìwé aláwọ̀ kọ́ odidi ìlú àwòṣe tí ayé kan sáárá sí. Tirẹ̀ kì í ṣe ìrántí, àlá ọjọ́ iwájú ni. Síbẹ̀, ilé ni ó gba gbogbo ojú ìran. A ní láti fi ojú inú wá àwọn tí yóò gbé inú rẹ̀. Èyí fi hàn pé àléébù tí a ń wí wá láti ara ẹ̀yà iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: ohun tí ó dúró sójú kan rọrùn láti ṣe ní àwòṣe ju ohun tí ó ń rìn tí ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ọjà Bouaké lórí tábìlì

Ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú irin àwòṣe ńlá, ibì kan wà tí olùwòran kì í rí. Ojú irin díẹ̀ ni wọ́n tò sí ẹ̀yìn aṣọ tàbí sábẹ́ tábìlì, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ń lọ nígbà tí ó bá “kúrò nílùú”. Ibẹ̀ ni ó dúró fún gbogbo ayé yòókù. Nínú iṣẹ́ onílé-ìyọ́rin, ibẹ̀ ni òkúta irin ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni irin tí a ti ṣe parí ń lọ. Ẹni tí yóò ra irin náà, ẹni tí yóò na owó, ẹni tí yóò jẹ gbèsè, ẹ̀yìn aṣọ ni gbogbo wọn wà.

Bí a bá gbé Bouaké sórí tábìlì, ètò yìí kò ní dúró. Ní 1904 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ojú irin láti Abidjan. Ó dé Bouaké ní 1912, Bobo-Dioulasso ní 1934, Ouagadougou ní 1954. Ohun tí ó ń gbà á kọjá ni màlúù àti òwú láti òkè, obì, epo rọ̀bì tí a ti fọ̀ àti sìmẹ́ńtì láti ìsàlẹ̀. Ọjà ni ó ń fún ọkọ̀ wọ̀nyí ní ìdí láti dúró ní Bouaké. Àwọn Baoulé onílẹ̀, àwọn Dioula oníṣòwò, àti àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anàgó níbẹ̀, wọ́n pàdé ní ìdí àtẹ. Ará Ẹjìgbò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Yorùbá wọ̀nyí, débi pé títí di òní, èdè Faransé àti owó sẹ́fà kò ṣàjèjì ní Ẹjìgbò. Ẹ sì jẹ́ kí a rántí pé ìtòsí Ẹjìgbò náà ni Ìsúndùnrin wà, níbi tí àwókù ìléru ìyọ́rin àwọn baba wa wà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ìyọ́rin ni wọ́n di ọlọ́jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ẹlòmíràn. A kò lè ya ìtàn irin kúrò lára ìtàn ọjà wọn.

Báwo ni a ó ṣe kọ́ ọjà yìí ní àwòṣe? Kíkọ́ ilé ọjà kò nira. Ṣùgbọ́n iná jó Ọjà Ńlá Bouaké ní 1998, ó sì lé ní ogún ọdún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí ilé tuntun. Ní gbogbo àkókò náà, àwọn ọlọ́jà ń ná ọjà ní ẹ̀bá títì àti ní ojúde. Ogun abẹ́lé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2002 sọ Bouaké di olú-ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sì dá ọkọ̀ ojú irin dúró di 2003. Síbẹ̀, ọjà kò parẹ́. Ìléru tí ilé rẹ̀ bá wó ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjà tí ilé rẹ̀ jó ṣì jẹ́ ọjà. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé ọjà Bouaké lórí tábìlì kò tí ì kọ́ ọjà Bouaké. Alábàárù, ọmọlanke, àwìn, ìnájà àti èdè mẹ́ta tí ènìyàn kan ń sọ láàárín ìṣẹ́jú kan ni ọjà náà.

Àwòṣe náà tún ní ohun kan tí ó lè kọ́ wa, ó sì yẹ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ojú irin Côte d'Ivoire fẹ̀ ní mílímítà 1,000, ti Nàìjíríà àtijọ́ fẹ̀ ní mílímítà 1,067. Faransé ni ó yan ti àkọ́kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ó yan èkejì, ọkọ̀ ọ̀kan kò sì lè rìn lórí ti èkejì. Ní ìwọ̀n 1 sí 87, ìyàtọ̀ náà kò tó mílímítà 1. Ojú irin àwòṣe onímílímítà 12 kan náà ni àwọn akọ́lé-àwòṣe ń lò fún irú méjèèjì. Lórí tábìlì, ọkọ̀ Òṣogbo lè wọ Bouaké. Ààlà tí àwọn amúnisìn fi irin fà ti di ohun tí ojú kò rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n tún ń jẹ́ kí a mọ bí ilẹ̀ wa ti tóbi tó. Kìlómítà 1,145 ni láti Abidjan dé Ouagadougou; bí a kò bá gé nǹkan kan kúrò, yóò gba kìlómítà 13 ó lé díẹ̀. Miniatur Wunderland ní ìlú Hamburg ní Jámánì, tí ó ṣí ní 2001 tí ó sì di èyí tí ó tóbi jù lọ lágbàáyé, ní ojú irin tí ó ju kìlómítà 15 lọ. Èyí ni pé ojú irin kan ṣoṣo ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gba gbogbo irin tí ó wà níbẹ̀ tán.

Ẹ̀kọ́ láti ọwọ́ Sembène

Ó ti pẹ́ tí lítíréṣọ̀ ti yanjú ohun tí àwòṣe kò tí ì yanjú. Ní 1960 ni Ousmane Sembène, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ Les bouts de bois de Dieu jáde. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin Dakar sí Niger, láti oṣù kẹwàá 1947 sí oṣù kẹta 1948, ni ó dá lé. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin Abidjan náà kópa nínú ìyanṣẹ́lódì yẹn, kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1948.

Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ ṣàkíyèsí ni ibi tí Sembène gbé ojú rẹ̀ sí. Bí ọkọ̀ ti dúró, kò dúró ti ọkọ̀ ní gáréèjì; ó wọ ilé ìdáná lọ, ó wọ ìdí omi, ó dé ọjà. Ó fi hàn wá pé nígbà tí òṣìṣẹ́ bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ìkòkò obìnrin ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ ni àwọn obìnrin Thiès fi rìn dé Dakar nínú ìtàn náà, Penda sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ojú irin ńlá dùbúlẹ̀ láìṣiṣẹ́, obìnrin ń rìn. Èyí yí ètò àwòṣe padà pátápátá. Níbẹ̀, irin ń rìn, ènìyàn dúró. Níhìn-ín, irin dúró, ènìyàn ń rìn. Sembène fa aṣọ ya, ó sì mú ẹ̀yìn rẹ̀ wá síwájú.

Láti orí tábìlì sí orí ilẹ̀

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé ó yẹ kí a máa fi gbogbo èyí da akọ́lé-àwòṣe láàmú? Ìdáhùn wa wà ní Nàìjíríà. Ní 1980 ni Ààrẹ Shehu Shagari fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta lélẹ̀. Wọ́n pinnu pé ní ìpele àkọ́kọ́ yóò máa ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 1.3 irin lọ́dún, láti inú òkúta irin Itakpe tí kò jìnnà síbẹ̀. Ìléru dìde, ó sì ga gan-an. Fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, ìléru náà kò yọ́ irin. Ní 1987 ni wọ́n tó gbé iṣẹ́ ojú irin láti Itakpe sí Warri fún agbaṣẹ́ṣe. Ní 2020 ni wọ́n tó ṣí i tán pátápátá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1980 kan náà, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ìfarin mẹ́ta sí Òṣogbo, Jos àti Katsina, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ṣe tọ́ọ̀nù 210,000 lọ́dún. Ilé ìfarin kì í yọ́ òkúta. Irin tí ẹlòmíràn ti ṣe ni ó ń fà. Aladja nítòsí Warri ni irin náà yóò ti máa wá. Ojú irin ti wà ní Òṣogbo láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí ojú irin kankan láti Aladja dé Òṣogbo. Nígbà tí ti Warri sì wá parí, mílímítà 1,435 ni fífẹ̀ rẹ̀, ti Òṣogbo jẹ́ 1,067. Wọn kò so pọ̀.

Akọ́lé-àwòṣe tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe irú èyí. Kí ó tó kan ìṣó kan, yóò ti béèrè pé: ọ̀nà wo ni irin yóò gbà dé ibí? Ta ni yóò gbà á? Bí ó bá kọ́ Òṣogbo sórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ yóò bá àlàfo náà ní ọjọ́ kìíní. Nípa báyìí, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ìyìn iṣẹ́ yìí pé ìdí tí ó ń béèrè fún gbogbo ọkọ̀ ju èyí tí àwọn olùṣètò wa béèrè lọ. Ṣùgbọ́n ní ti ọjà, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Àjàòkúta náà fi ẹni tí yóò ra irin, àti iye tí yóò rà á, sí ẹ̀yìn aṣọ. Ó tóbi, ó pé, ojú ń rí i, kò sì ṣiṣẹ́: àwòṣe ni, ní ìwọ̀n 1 sí 1. Àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe àkó fún irin tí ó ti kú. Àwa ṣe tiwa fún ọmọ tí a kò tí ì bí, èyí sì lòdì sí àṣà.

Àgbálọgbábọ̀

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún àwa olùkọ́ èdè? Èkíní, iṣẹ́ yìí fi hàn pé èdè Yorùbá kò tòṣì nínú ọ̀rọ̀ irin. Ìléru, ẹwìrì, ìdàrọ́, ẹmú àti ọmọ owú ti wà kí ojú irin tó dé. Ohun tí ó kù ni kí a mú wọn kúrò nínú àgbẹ̀dẹ wá sí kíláàsì. Olùkọ́ tí ó bá fi páálí àti agolo tò ìléru kékeré níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rí ibi tí yóò jókòó sí. Èkejì, tábìlì náà lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní àhunpọ̀ ìtàn ju ìtúmọ̀ inú ìwé lọ. Kí ó sọ ìdí tí ọkọ̀ yìí fi dé, kí ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá dé.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe kókó jù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà má dúró ní ìdí ìléru. Kí ó tẹ̀ lé ọ̀pá irin kan títí dé ọjà, kí ó sọ ẹni tí ó rà á, èdè tí wọ́n fi ná an, àti ohun tí wọ́n fi í ṣe, ìbáà ṣe ilẹ̀kùn ní Òṣogbo tàbí àtẹ ní Bouaké. Bí ó bá ṣe èyí, yóò ti ṣe ohun tí ẹ̀yà iṣẹ́ ọnà yìí kò tí ì ṣe. Lójú wa, ojú irin àwòṣe onílé-ìyọ́rin jẹ́ iṣẹ́ tí ó lágbára nínú ìdí àti àbájáde, tí ó sì kù díẹ̀ káàtó nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Kì í ṣe ìléru púpọ̀ sí i ni ó nílò. Kí wọ́n fa aṣọ ẹ̀yìn tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n sì fún ọjà ní àyè tí ó tó ti ìléru.